Owó Àìsàn ní Ìlú Ọba: Èwo ni Kí A Gbà?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba ni kì í ronú nípa àìsàn títí yóò fi dá wọn dùbúlẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ara kò sì tíì le, nígbà náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí bi ará àti ọ̀rẹ́ léèrè. Àwọn kan yóò ní kí wọn lọ gba Universal Credit. Àwọn mìíràn yóò ní àlejò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba rárá. Ìmọ̀ràn kìíní lè kó ẹlòmíràn sí ìjàngbọ̀n; èkejì sì lè fi ebi pa ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́.

Ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni owó àkọ́kọ́ ti ń wá. Statutory Sick Pay ni wọ́n ń pè é, ọ̀sẹ̀ 28 sì ni òpin rẹ̀. Ní ọdún 2025, £118.75 ni iye rẹ̀ lọ́sẹ̀, owó tí kò tó san owó ilé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́yìn èyí ni yíyàn dé. Universal Credit jẹ́ owó àánú ìlú fún ẹni tí kò ní tó. Bí ìwọ àti aya rẹ bá ní ju £16,000 lọ nípamọ́, kò kàn yín. Wọn yóò sì wọn owó iṣẹ́ aya rẹ mọ́ tìrẹ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni a ó dúró kí owó kìíní tó dé.

New Style Employment and Support Allowance yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá ti san owó National Insurance tó láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ni ó ni ín, wọn kì í sì í bi í iye tí ó kó pamọ́ tàbí iye tí ọkọ rẹ̀ ń gbà. Ètò National Insurance ti òde òní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948, lẹ́yìn ìwé tí William Beveridge kọ ní 1942. Ta ni ó dá èsúsú tí a ó pè ní alágbe nígbà tí ó bá ń kó o?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ènìyàn wa. Ẹni tí a kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gba owó ìlú, bí ó bá gba Universal Credit, ó lè rú òfin, ìwé rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí a fi National Insurance rà kò sí lára ohun tí òfin náà kà léèwọ̀, gẹ́gẹ́ bí owó agbanisíṣẹ́ kò ti sí níbẹ̀.

Ẹni tí kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀ lè béèrè fún méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn yóò yọ iye èkejì kúrò nínú Universal Credit. Àwọn tí a retí pé wọn yóò lè padà sí iṣẹ́ kì í gba owó National Insurance yìí ju ọjọ́ 365 lọ. Àwọn tí àìsàn wọn wúwo jù kò ní òpin bẹ́ẹ̀.

Láti oṣù mẹ́ta kí ọ̀sẹ̀ 28 náà tó pé ni a ti lè béèrè. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ọmọ tàbí àbúrò yín wà lọ́hùn-ún, ẹ bi í lónìí bí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ bá ń san National Insurance náà lórúkọ rẹ̀.