Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́mátì Ẹ̀rọ Yín

Ìwé ìlàlóye fún ẹni tó ń lo Windows àti Ubuntu lórí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo

Olùkọ́, akọ̀wé ọ́fíìsì, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn tó ń bá aráàlú tẹ̀wé ni a ní lọ́kàn tí a fi kọ ìwé yìí. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ títọ́jú Windows 10. Àwọn kan ti tìtorí rẹ̀ gbé ẹ̀rọ wọn gòkè sí Windows 11. Àwọn mìíràn, tí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wọn kò ní TPM 2.0, ìyẹn ṣíìpù ààbò tí Windows 11 ń béèrè, fi Ubuntu sí ẹ̀gbẹ́ Windows tó wà níbẹ̀, kí wọ́n lè máa yan èyí tó bá wù wọ́n nígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Àwọn tó sì ti mọ Ubuntu 22.04 tẹ́lẹ̀ ń bọ́ sórí 24.04, èyí tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024.

Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń gbé wá bá wa kì í sábà ju méjì lọ: "Wi-Fi mi ò sí mọ́" àti "mi ò rí Windows mi mọ́." Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù ti sọ pé àfi kí wọ́n fọ́mátì ẹ̀rọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà. Fọ́mátì á nu èsì ìdánwò, àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé owó oṣù dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó bá ṣe báyìí lẹ́yìn ìgbéga, fáìlì kankan ò sọnù. Ìlà kan péré ló kù tí wọn ò kọ, tàbí bọ́tìnì kan ló wà níbi tí kò yẹ kó wà. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí a mọ ibi tó ti já.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ohun kan wà tó lè sọ àtúnṣe kékeré di ẹkún, òun ni BitLocker, ètò Windows tó ń ti dísìkì pa. Lórí ọ̀pọ̀ Windows 11, pàápàá èyí tí ẹ fi àkáǹtì Microsoft wọlé sí, dísìkì lè ti ti ara rẹ̀ pa láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí ẹ bá wá lọ yí Secure Boot (ètò ààbò tó ń yẹ ohun tó ń tan ẹ̀rọ wò) padà, Windows á ní kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 wá kí òun tó ṣí. Ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ yìí, kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ kankan ní ọjà tó lè bá a ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín lórí ìyẹn. Ẹ lọ sí aka.ms/myrecoverykey, ẹ wọlé, ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé, kí ẹ sì fi ìwé ọ̀hún síbi tí ẹ ń kó sátífíkéètì yín sí. Ẹ má fi pamọ́ sórí láptọ́ọ̀pù kan náà.

Ẹ da àwọn fáìlì tó ṣe pàtàkì sórí dísìkì ìta. Ẹ jẹ́ kí báátìrì kún dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìgbéga, torí bí NEPA bá múná lọ láàárín kan tí báátìrì sì ti kú, ìgbéga tó dúró lójú ọ̀nà máa ń ṣòro tún ṣe ju gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí lọ.

Wi-Fi tó pòórá

Ẹ kọ́kọ́ wá íntánẹ́ẹ̀tì láti ibòmíràn, torí ohun tí ẹ máa fi tún Wi-Fi ṣe, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ló wà. Fóònù yín tó. Ẹ fi wáyà USB so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ wọ Settings fóònù, ẹ wá "USB tethering", ẹ tan án. Kò ní pẹ́ tí Ubuntu á fi mú un bí ẹni pé wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wáyà olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ pé ṣájà nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe ò ní gbà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì ṣọ́ dátà yín tó bá jẹ́ pé inú Windows lẹ wà: bó bá ti rí ọ̀nà báyìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe tirẹ̀ wọlé, àfi bí ẹ bá tan "Metered connection" fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà.

Nínú Ubuntu, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀ kí Terminal ṣí. Ẹ kọ èyí:

rfkill list

Bí ẹ bá rí "Soft blocked: yes" lábẹ́ Wireless LAN, ètò ló ti i, ẹ kọ "rfkill unblock wifi", ó parí. Bó bá jẹ́ "Hard blocked: yes", ara láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́, tàbí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ya bàálù sí lórí kíbọ́ọ̀dù. Ọwọ́ ọmọdé lè ti kàn án.

Bí kò bá sí ìdínà kankan níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá Ubuntu tilẹ̀ mọ káàdì Wi-Fi náà:

lspci -nnk

Ẹ wá ìlà tó ní "Network controller". Bí ẹ kò bá rí "Kernel driver in use" nísàlẹ̀ rẹ̀, káàdì wà, ṣùgbọ́n kò sí dírafà tó ń darí rẹ̀. Káàdì Broadcom ni àwọn tó ní ìṣòro yìí sábà máa ń bá níbẹ̀, ó sì pọ̀ nínú HP, Dell àti MacBook àtijọ́ tó ń wọlé láti òkè òkun. Dírafà rẹ̀ kì í bá kernel, ìyẹn ọkàn Ubuntu, wá. Ṣe ni wọ́n máa ń tún un kọ́ fún kernel tuntun kọ̀ọ̀kan. Ubuntu 22.04 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kernel 5.15, 24.04 sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6.8, nítorí náà bí kíkọ́ yẹn bá kùnà nígbà ìgbéga, Wi-Fi á kú. Bó bá jẹ́ Broadcom ni tiyín, pẹ̀lú fóònù yín tó ṣì wà lórí wáyà, ẹ kọ:

sudo apt install --reinstall bcmwl-kernel-source

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú nìyí o. Bí Secure Boot bá wà ní títàn, Ubuntu á ní kí ẹ dá páṣíwọ́ọ̀dù kan sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn, ojú aláwọ̀ búlúù kan á yọ tó ní kí ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ èyíkéyìí láti ṣe "MOK management". Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló máa ń dúró. Ẹni tó bá ti lọ bu omi mu, tàbí tó rò pé àṣìṣe ni, á bá Ubuntu lójú ẹ̀rọ, inú rẹ̀ á dùn, àmọ́ Wi-Fi ò ní wá. Ẹ jókòó tì í. Ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́, ẹ yan "Enroll MOK", lẹ́yìn náà "Continue", "Yes", kí ẹ kọ páṣíwọ́ọ̀dù yẹn, kí ẹ wá yan "Reboot".

Ọ̀nà kan tún wà láti mọ̀ bóyá kernel tuntun ló fa ìjà. Ẹ di Shift tàbí Esc mú nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan, ẹ yan "Advanced options for Ubuntu", ẹ mú kernel tó dàgbà jù níbẹ̀. Bí Wi-Fi bá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, káàdì yín ò ní àléébù kankan. Ẹ lè máa lo ti àtijọ́ yẹn títí àtúnṣe á fi dé.

Windows náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ayé Windows 8 ni "Fast Startup" ti wà, ìyẹn ni pé bí ẹ bá tẹ "Shut down", Windows kì í kú tán. Ó kàn ń sùn ni. Nígbà mìíràn á di káàdì Wi-Fi mọ́wọ́ nínú oorun náà, Ubuntu ò sì ní lè jí i. Òun kan náà ló máa ń jẹ́ kí Ubuntu kọ̀ láti kọ nǹkan sínú fódà Windows. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ "powercfg /h off". Ó yẹ kí ẹni tó ń gbé Windows àti Ubuntu pọ̀ ti ṣe èyí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú kan ni, ó sì ń gbani lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà.

Wi-Fi so, ṣùgbọ́n ojú ewé ò ṣí

Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti òkè. Ẹ kọ "ping -c 3 8.8.8.8". Bí ìdáhùn bá wá, ọ̀nà là. Ẹ wá kọ "ping -c 3 google.com". Bó bá sọ pé "Temporary failure in name resolution", íntánẹ́ẹ̀tì wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín ò mọ bí a ti ń fi orúkọ wá àdírẹ́sì. Fáìlì kan tó ń jẹ́ /etc/resolv.conf ló máa ń tọ́ka sí òfìfo lẹ́yìn ìgbéga. Ìlà méjì yìí á tún un so:

sudo ln -sf /run/systemd/resolve/stub-resolv.conf /etc/resolv.conf

sudo systemctl restart systemd-resolved

Ní ti Windows 11, ẹ wọ Settings, "Network & internet", "Advanced network settings", kí ẹ yan "Network reset". Á pa gbogbo páṣíwọ́ọ̀dù Wi-Fi tó mọ̀ rẹ́, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ ní tiyín lọ́wọ́.

Windows ò sí nínú yíyàn mọ́

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn jù níbí, bẹ́ẹ̀ ibí gan-an ni àtúnṣe ti rọrùn jù. GRUB ni ètò tó ń fi orúkọ Ubuntu àti Windows hàn yín nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan. Láti GRUB 2.06, àwọn tó ń ṣe é ti pàṣẹ pé kó má ṣe wá ètò mìíràn lórí dísìkì mọ́ láìgba àṣẹ, nítorí ààbò. Windows yín wà níbi tó wà. Wọ́n kàn ti ní kí GRUB má wo ọ̀nà ibẹ̀ ni. Ẹ ṣí fáìlì ètò rẹ̀:

sudo nano /etc/default/grub

Ẹ fi ìlà yìí sí ìsàlẹ̀ pátápátá:

GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false

Ẹ tẹ Ctrl àti O, ẹ tẹ Enter, ẹ fi Ctrl àti X jáde. Ẹ wá kọ "sudo update-grub". Ẹ máa wo ojú ẹ̀rọ: bó bá kọ "Found Windows Boot Manager", ẹ ti rí i.

Nígbà mìíràn, Ubuntu ló ń sọnù. Windows gba àtúnṣe ńlá kan, ó sì fi ara rẹ̀ sí iwájú, ẹ̀rọ ń wọ Windows tààrà. Ẹ tẹ F12 lórí Dell àti Lenovo, tàbí F9 lórí HP, bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ. Bí ẹ bá rí "ubuntu" nínú ohun tó yọ, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ wọ BIOS, ìyẹn ojú ètò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí ẹ fi í sí ipò kìn-ín-ní.

Ti oṣù Kẹjọ ọdún 2024 le ju èyí lọ. Microsoft fẹ́ dí ihò ààbò kan nínú àwọn GRUB àtijọ́. Àtúnṣe náà ò yẹ kó kan ẹ̀rọ tó ní Linux, ṣùgbọ́n kò dá gbogbo wọn mọ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ Ubuntu lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. "Something has gone seriously wrong: SBAT self-check failed" ni wọ́n ń rí, ẹ̀rọ á sì kú. Oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni Microsoft tó tún un ṣe. Bí ẹ bá bá ọ̀rọ̀ yìí lójú láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín dání, ẹ pa Secure Boot nínú BIOS, ẹ wọ Ubuntu, ẹ kọ "sudo mokutil --set-sbat-policy delete". Ẹ tún ẹ̀rọ tàn, ẹ wọ Ubuntu lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ gba gbogbo àtúnṣe rẹ̀, kí ẹ tó tan Secure Boot padà.

Aago tó ń fi wákàtí kan sẹ́yìn

Ubuntu ń kọ aago UTC, ìyẹn aago àgbáyé, sínú ẹ̀rọ, Windows sì ń kà á bí aago ilé. Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú UTC, nítorí náà bí ẹ bá kúrò ní Ubuntu, Windows á sọ pé aago 11 ni nígbà tí aago 12 ti lù. Ẹ kọ "timedatectl set-local-rtc 1" nínú Ubuntu. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London kì í rí ìyọnu yìí nígbà òtútù, torí aago wọn àti UTC dọ́gba nígbà náà. Bí wọ́n bá sún aago síwájú ní oṣù Kẹta ló ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ọwọ́ yín ò bá ká a

Bó bá jẹ́ pé "grub>" nìkan ni ẹ̀rọ ń kọ, tí kò wọ ibì kankan, ẹ gbé e wá. Ẹ mú ṣájà, ìwé tí ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker sí, àti fọ́tò ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Fílááṣì Ubuntu la máa fi tan án, a ó kọ́kọ́ kó fáìlì yín jáde lójú yín kí a tó fọwọ́ kan GRUB. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá yín tún un ṣe níta ṣe é. Kí ẹ tó sanwó, kó tan Windows, kó tan Ubuntu, kó sì ṣí ojú ewé kan lórí Wi-Fi nínú méjèèjì kí ẹ rí i.