Àlọ àti Àbọ̀ Kò Dọ́gba

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ìrìn rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Lójú òfúrufú, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi Lọ́ńdọ̀nù àti New York ṣe àpẹẹrẹ. Nǹkan bí 5,540 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Síbẹ̀, ọkọ̀ òfúrufú a máa lo nǹkan bí wákàtí 8 láti Lọ́ńdọ̀nù dé New York. Bí ó bá ń padà, nǹkan bí 7 ni.

Afẹ́fẹ́ ló fà á. Ní nǹkan bí kìlómítà 10 sókè, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ìyàtọ̀ ooru àti òtútù, pẹ̀lú yíyí ayé, ló ń bí i. Ẹni tó ń tukọ̀ mọ̀ pé bíbá odò lọ kò dà bí kíkọjú sí i. Ní oṣù Èrèlé 2020, afẹ́fẹ́ yìí gbé ọkọ̀ kan láti New York dé Lọ́ńdọ̀nù ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56.

Ẹ ṣọ́ra fún aago pẹ̀lú. Aago Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń fi wákàtí 5 ṣáájú ti New York. Bí mo bá gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago 11 òwúrọ̀, aago 2 ọ̀sán ni n ó bá ní New York. Ẹni tó bá wo aago nìkan yóò ní wákàtí 3 ni mo lò, bẹ́ẹ̀ 8 ni. Nítorí náà, ẹni tó ń lo oògùn ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, wákàtí tó kọjá lára rẹ̀ ni kí ó kà, kì í ṣe aago ìlú tó dé.