Ẹ Ṣọ́ Omi Tí Ń Jò Nínú Ilé àti Sítọ́ọ̀ Yín

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé òjò kì í ṣe ọ̀rẹ́ kòkó tí a ti sá gbẹ. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, tọmọdé tàgbà ni yóò sáré bo àtẹ, tí wọn yóò sì kó àpò wọlé. Ṣùgbọ́n omi mìíràn wà tí kì í ṣú kí ó tó rọ̀, tí kì í dúró de àkókò òjò, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá sùn. Èyí ni omi tí ń jò láti inú páìpù, láti ẹnu ẹ̀rọ omi, láti ìdí táǹkì àti láti ara gọ́tà. Nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jáde, ojú kì í tètè rí i. Nígbà tí a bá sì fi rí i, ògiri ti rin, ikán ti dé, àpò ìsàlẹ̀ sì ti bu.

Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kan tó láti dènà ìbàjẹ́ yìí. Iṣẹ́ náà kò béèrè ju ọ̀pá gígùn kan tí ó mọ́, àkísà gbígbẹ, ìgò oní-lítà kan àti tọ́ọ̀ṣì lọ. Ọmọ ilé ìwé tí ó ti gbọ́njú lè ràn yín lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

OHUN TÍ OMI TÍ Ń JÒ Ń BÀJẸ́

Èkíní ni ògiri. Ògiri alámọ̀ a máa lágbára níwọ̀n ìgbà tí ó bá gbẹ. Bí omi bá ń dà sí ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́, amọ̀ náà yóò rọ̀, ìdí ògiri yóò máa jẹ, títí yóò fi là tàbí kí ó wó. Ògiri búlọ́ọ̀kù pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú sìmẹ́ǹtì a máa fa omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ti ń fa epo. Ìdí nìyí tí ògiri fi lè rin dé ìwọ̀n orúnkún nígbà tí omi kò kúrò nílẹ̀.

Èkejì ni igi. Ikán fẹ́ràn ilẹ̀ tútù àti igi tí ó rin. Ibi tí omi bá ń jò sí ni wọ́n sábà máa ń gbà dé ara férémù ilẹ̀kùn, àjà àti igi òrùlé. Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Omi tí ń jò wà lára ohun tí ń la ẹnu ògiri.

Ẹ̀kẹta ni irè oko. Omi tí ó wà nínú kòkó tí ó gbẹ dáadáa kò yẹ kí ó ju ìwọ̀n 7 tàbí 8 lọ nínú 100. Bí ó bá kọjá 8, kòkó náà lè bu, kí nǹkan funfun sì hu sí i lára. Kòkó a máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, láti ara ògiri àti láti ilẹ̀. Nítorí náà kò dìgbà tí omi bá dà lé e lórí kí ó tó bàjẹ́. Nínú ìlànà tí a fi ń to kòkó sí ipò ní ọjà àgbáyé, bí a bá la hóró 100, èyí tí ó bu kò gbọdọ̀ ju 3 lọ fún ipò kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ju 4 lọ fún ipò kejì. Ẹ rí i pé àlàfo àárín wọn kò gbòòrò. Àpò díẹ̀ tí ó rin lẹ́bàá ògiri, bí a bá dà á pọ̀ mọ́ èyí tí ó dára, lè ba ipò gbogbo ẹrù ẹgbẹ́ jẹ́.

Ní ti àgbàdo àti ẹ̀pà, ewu rẹ̀ kọjá ti owó. Ní ọdún 1960, àwọn tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà tí ó bu ṣe. Ìwádìí tí a ṣe nípa ikú wọn ni ó jẹ́ kí a mọ májèlé tí a ń pè ní aflatoxin. Sísè kò tó láti mú májèlé yìí kúrò nínú oúnjẹ.

Ẹ̀kẹrin ni ìlera. Nígbà tí omi bá dá, tí páìpù sì ṣófo, omi ẹlẹ́gbin tí ó wà nínú ilẹ̀ lè gba ihò kan náà tí omi mímọ́ ń gbà jáde wọ inú páìpù. Bákan náà, ẹ̀fọn a máa yé ẹyin sínú omi tí ó bá dúró sójú kan. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, nǹkan bí 7 sí 14 ọjọ́ ti tó kí ẹyin náà di ẹ̀fọn tí ń fò. Nítorí náà ni àyẹ̀wò yìí kò fi gbọdọ̀ pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

BÍ A ṢE Ń MỌ IYE OMI TÍ Ń ṢÒFÒ

Ẹ gbé ìgò oní-lítà kan sábẹ́ ibi tí omi ń kán, kí ẹ sì wo aago. Bí ìgò náà bá kún ní wákàtí kan, lítà 24 ni ó ń lọ lójúmọ́. Ní 30 ọjọ́, yóò di lítà 720, èyí tí ó ju dúrọ́ọ̀mù oní-lítà 200 mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Bí ó bá ṣe pé ẹ̀yin ni ẹ ń ra omi, tàbí pé epo ni ẹ fi ń fà á láti inú kànga ẹ̀rọ, ẹ ṣírò iye owó tí ó wà nínú rẹ̀.

Ti gọ́tà tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò tí ó rọ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà 1 sórí òrùlé tí ó gba mítà 1 lóròó àti mítà 1 níbùú yóò fúnni ní omi lítà 1. Bí òrùlé sítọ́ọ̀ bá jẹ́ mítà 10 lóròó àti mítà 6 níbùú, òjò mìlímítà 20 yóò da lítà 1,200 sílẹ̀, èyí tí í ṣe dúrọ́ọ̀mù 6. Bí gọ́tà bá já ní ojú kan, ìdí ògiri ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú omi yìí yóò máa gbẹ́.

ÀYẸ̀WÒ Ọ̀SỌ̀Ọ̀SẸ̀

Ẹ yan ọjọ́ kan, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Níbi tí a ti ń ná ọjà ọrọọrún, ẹ lè fi òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ṣe é, nítorí pé kò sí ẹni tí í gbàgbé ọjọ́ ọjà. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ máa tọ̀ nígbà gbogbo, láti ibi tí omi ti ń wọlé títí dé ibi tí ó ti ń jáde.

1. Táǹkì. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, nígbà tí gbogbo ará ilé bá ti pọn omi tán, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi, kí ẹ sì ti ojú ibi tí omi ń gbà wọ táǹkì. Ẹ ki ọ̀pá mímọ́ gbígbẹ bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí omi dé lára ọ̀pá. Kí ẹnikẹ́ni tó bu omi ní òwúrọ̀, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́. Bí omi bá ti wálẹ̀, ó ń jò níbì kan. Ní alẹ́ kejì, ẹ ti ojú ibi tí omi ń gbà jáde ní ìdí táǹkì. Bí omi kò bá wálẹ̀ mọ́, páìpù tàbí ẹ̀rọ ni ó ń jò; bí ó bá ṣì ń wálẹ̀, táǹkì fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ní mítà omi lè ka iye ojú rẹ̀ lálẹ́, kí ó sì tún un kà láàárọ̀.

2. Ẹnu ẹ̀rọ omi. Ẹ ti ẹ̀rọ náà dáadáa, ẹ nu ẹnu rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá ń kán síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ má ṣe fi agbára lọ́ ọ, nítorí pé èyí a máa ba ìdí rẹ̀ jẹ́ sí i.

3. Oríkèé páìpù. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ìwé gbígbẹ tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá padà bá ìwé náà ní rírin, oríkèé náà ń jò. Ní ti páìpù tí a rì mọ́lẹ̀, ẹ máa wo ojú ilẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́ tí gbogbo koríko ti gbẹ, ibi tí koríko bá ti tutù yọ̀yọ̀ lójú ọ̀nà páìpù ń sọ̀rọ̀ fún yín.

4. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi. Ẹ po búlúù ìfọṣọ díẹ̀, ẹ dà á sínú àpótí omi rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lò ó fún 20 ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ búlúù bá yọ nínú àwo ìsàlẹ̀, omi ń sá lọ láìdáwọ́ dúró.

5. Ìdí ògiri. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án yí ká. Ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti wú, ibi tí ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ ti yọ, àti ibi tí ikán ti fi amọ̀ la ọ̀nà.

6. Òrùlé àti gọ́tà. Ẹ wọ inú sítọ́ọ̀ ní ọ̀sán gangan, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì gbójú sókè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ lára páànù, omi lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ kó ewé kúrò nínú gọ́tà.

7. Àpò. Ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àpò tí ó súnmọ́ ògiri jù lọ. Orí pákó tí a tò sórí búlọ́ọ̀kù ni kí gbogbo àpò wà, kí àyè tí ènìyàn lè gbà kọjá sì wà láàárín wọn àti ògiri. Bí kò bá sí àyè yìí, ẹ kò ní lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn.

BÍ Ẹ BÁ RÍ IBI TÍ Ń JÒ

Ẹ kọ́kọ́ ti omi láti orísun rẹ̀. Bí omi bá ń dà súnmọ́ wáyà iná mànàmáná, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ògiri tàbí wáyà ibẹ̀. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ iná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó àpò kúrò níbẹ̀. Kòkó tí ọ̀rinrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni kí ẹ yà sọ́tọ̀, kí ẹ sì tún un sá lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí ó ti bu, ẹ má ṣe dà á mọ́ òmíràn. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó ti bu, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì ṣe fi bọ́ adìẹ.

A lè gé túúbù kẹ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀já, kí a fi wé páìpù tí ó lu pinpin. Ṣùgbọ́n èyí kò ju kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi tó dé lọ. Ọṣẹ àti àkísà tí a fi dí oríkèé kì í ṣe àtúnṣe. Owó rọ́bà inú ẹ̀rọ kéré púpọ̀ sí owó àpò kòkó kan.

IṢẸ́ ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Ohun tí í ṣe ti gbogbo ènìyàn sábà máa ń di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yan ẹni méjì fún àyẹ̀wò sítọ́ọ̀, kí wọ́n sì máa gbà á ṣe lóṣooṣù. Kí ìwé kan wà tí a so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí wọn yóò máa kọ ọjọ́, ohun tí wọ́n rí, àti ọjọ́ tí a tún un ṣe sí. Kí akọ̀wé máa kà á ní ìpàdé. Kí rọ́bà ẹ̀rọ mélòó kan wà ní ìpamọ́, kí akápò sì ní àṣẹ láti san owó àtúnṣe kékeré láìdúró de ìpàdé, nítorí pé omi kì í dúró de ìpàdé.

Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni ó wà nínú àpò tí ẹ tò sí sítọ́ọ̀: ríro, fífín oògùn, kíká, bíbò àti sísá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí iṣẹ́ náà lè dé ọjà láìdín.