Ìpín Èdè Abínibí Láàárín Òdo àti Ọ̀kan
Ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, Faransé ni èdè àkọ́kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, bí òbí wọn tilẹ̀ gbọ́ Fang tàbí Mpongwe. Ká ní olùkọ́ kan wọn ìpín èdè abínibí nínú ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan: kò lè kéré ju òdo, kò sì lè ju ọ̀kan lọ. Bí ó bá fi ìlà gbọọrọ so ó mọ́ ọdún tí ọmọ lò lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìlà náà lè bá a dé ìdá 110 nínú 100! Ọ̀nà beta tí Ferrari àti Cribari-Neto gbé kalẹ̀ ní 2004 kì í ré ààlà kọjá, ṣùgbọ́n kò gba òdo gan-an. Ẹni tí ó bá tìtorí èyí yọ òdo kúrò ti yọ àwọn ọmọ tí èdè ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ pátápátá. Ọ̀nà Papke àti Wooldridge ti 1996 gba òdo wọlé. Òun ni ó yẹ irú iṣẹ́ yìí.