Ta Ní Ń Lu Gúdúgúdù fún Kọ̀ǹpútà?

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin tí wọ́n ń pè ní NAMM, ní ìlú Anaheim ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n fi wáyà kan so dùùrù oníná méjì pọ̀. Prophet-600 ni ọ̀kan, iléeṣẹ́ Sequential Circuits ti Amẹ́ríkà ló ṣe é. Jupiter-6 ni èkejì, ti iléeṣẹ́ Roland ti Japan. Wọ́n tẹ ti ibí, ti ọ̀hún dún. Bẹ́ẹ̀ ọjà kan náà ni iléeṣẹ́ méjèèjì jọ ń du.

Èdè tí wọ́n fi gbọ́ ara wọn yé ni MIDI. Dave Smith ti Sequential àti Ikutaro Kakehashi ti Roland ló ṣaájú iṣẹ́ náà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Grammy nítorí rẹ̀ ní 2013. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú èdè yìí ló jẹ mọ́ ohùn: tẹ kọ́kọ́rọ́ yìí, gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ní ohùn kankan nínú, tó jẹ́ pé ṣe ló kàn ń kàn: kó, kó, kó. Òun ni MIDI clock, aago tó ń mú kí ẹ̀rọ ìlù, dùùrù oníná àti kọ̀ǹpútà jọ máa rìn ní ìrìn kan náà.

Kí aago yìí tó dé, oníkálukú ló ń ka tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìlù TR-808 tí Roland gbé jáde ní 1980 ń kàn ní ìgbà 24 láàárín bíìtì kan. Ti Korg ń kàn ní ìgbà 48. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ̀rọ Korg máa tẹ̀lé ti Roland á rí i pé ìdajì eré ló ń sá. MIDI mú 24.

Bí orin bá ń lọ ní bíìtì 120 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ tó jẹ́ olórí á kàn ní ìgbà 48 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, aago náà kì í dárúkọ 120 fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé e ló ń wọn àlàfo àárín kíkàn kan sí èkejì: bí àlàfo bá dín, òun náà á yára, bí ó bá fẹ̀, á rọra. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ mìíràn ló tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bẹ̀rẹ̀, dúró, máa bá a lọ, àti èyí tó ń sọ ibi tí orin dé.

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onídùndún rí mọ irú iṣẹ́ yìí. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki ènìyàn, ṣùgbọ́n gúdúgúdù kékeré tí wọ́n gbé kọ́ ọrùn kì í yẹsẹ̀. Kí ló wá máa ṣẹlẹ̀ bí onígúdúgúdù bá ń lù, tó ń dáhùn fóònù, tó sì tún ń ka owó?

Bí ti kọ̀ǹpútà ṣe rí nìyẹn. Ó ń ya àwòrán sójú ìbòjú, ó ń kọ fáìlì, ó ń po ohùn pọ̀, ó sì tún ní láti rántí kàn. Bí kíkàn bá yẹ̀, kì í ṣe wáyà MIDI ló ń fà á: bit 31,250 ló ń gbà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì fún aago láṣẹ láti já lu ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín. Inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni kíkàn náà ti ń dúró de àyè.

Àìsàn méjì ló ń ti ibẹ̀ wá. Èkíní ni pípẹ́ tó dọ́gba. Kọ̀ǹpútà tó bá ń kó ohùn jọ ní sample (ègé ohùn kékeré) 512 lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí sample 44,100 wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, á pẹ́ tó bí ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Èyí rọrùn: nínú Ableton Live, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe orin, àyè kan wà tí wọ́n ti lè sún aago síwájú tàbí sẹ́yìn títí yóò fi bá ohùn mu. Èkejì ni gbígbọ̀n: kíkàn kan yá jù, èkejì pẹ́ jù. Kò sí sísún tó lè wò ó.

Oògùn tí àwọn kan ń lò ni pé kí kọ̀ǹpútà má kàn rárá. Wọ́n á ní kó máa gbé ìró ṣóńṣó kan jáde bí ẹni ń gbé orin jáde, nítorí ohùn kì í gbọ̀n bíi ti aago. Àpótí kan níta, bíi Multiclock ti iléeṣẹ́ E-RM ní Jámánì, á gbọ́ ìró náà, á sì sọ ọ́ di aago fún àwọn yòókù. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni pé olórí kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń ránṣẹ́ aago sí ara wọn, orin á dàrú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ èwo nínú àìsàn méjèèjì ló ń ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ ìlù lu ẹyọ kan sórí bíìtì kọ̀ọ̀kan, kó gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú méjì, kó sì fẹ àwòrán ohùn náà tóbi lójú. Bí gbogbo rẹ̀ bá fi ìwọ̀n kan náà jìnnà sí ìlà bíìtì, sísún lásán tó. Bí jíjìnnà náà bá ń yàtọ̀ láti orí ìlù kan dé òmíràn, kó gba ipò olórí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, kó sì gbé e fún ẹ̀rọ ìlù.