Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Àwọn Tí Ó Ròyìn Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó lè yà yín lẹ́nu pé a dìde láti ròyìn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fún àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, ní ìlú Ajalọ́run pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù gbọ́ tiwa. Ẹ̀yin náà ti di ẹni tí ń dá owó míṣọ́n, tí ń ka ìwé nípa ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ó sì dára kí ẹ mọ bí a ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa àwọn baba yín.

Ará Potogí kan, Pacheco Pereira, ti dárúkọ ìlú Ìjẹ̀bú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1500 àti díẹ̀, ó ní ìlú ńlá ni, yàrà ńlá sì yí i ká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ ròyìn wa ní kíkún kì í ṣe Òyìnbó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Ọ̀ṣífẹkúndé ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1820, níbi tí ó ti ń bá òwò rẹ̀ lọ lórí omi, àwọn Ìjọ ajínigbé mú un, a sì tà á títí ó fi dé ilẹ̀ Bràsíìlì. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó bá ọ̀gá rẹ̀, ará Faransé, dé Páríìsì. Níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé kan, d'Avezac, ti jókòó tì í, tí ó bi í léèrè ọ̀nà àti odò, ọjà àti ọba, ìsìn àti èdè. Ní ọdún 1845 ni ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹni tí a ti tà lẹ́rú ni ó dáhùn. Síbẹ̀ ìwé náà sọ̀rọ̀ ìlú tí ó ní òfin, tí ó ní aṣọ híhun, tí ó sì mọ orúkọ Ọlọ́run kí ajíhìnrere kankan tó tẹ ilẹ̀ rẹ̀. D'Avezac fẹ́ kí ó gba Sàró padà sí ilé, ṣùgbọ́n Bràsíìlì ni ó tún lọ. Àwa kò bá a wí.

Kò tó ọgbọ̀n ọdún tí ìròyìn mìíràn fi bo èyí mọ́lẹ̀. Àlùfáà David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn. Ebi pa tọkọtaya náà gidigidi, títí Glover, aláṣẹ Èkó, fi rán Kápútẹ́nì Maxwell ní 1865 kí ó la inú igbó lọ mú Anna jáde. Ní 1872 a tẹ ìwé tí a fi àwọn lẹ́tà rẹ̀ ṣe jáde. Ta ni yóò ka irú ìyà bẹ́ẹ̀ tí kò ní bínú sí ẹni tí ó dí ọ̀nà? Báyìí ni Ìjẹ̀bú ṣe di olórí kunkun lójú àwọn olùrànlọ́wọ́ míṣọ́n.

Ìdí tí a fi dí ọ̀nà ni wọn kò bèèrè. Ilẹ̀ wa wà láàrin ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè. Iyọ̀, ìbọn, ètù àti aṣọ Òyìnbó tí ń gòkè, epo àti èkùrọ́ tí ń sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń gbà kọjá, ní Ejìnrìn àti ní Òru. Oníbodè ń gba owó ibodè, alájàpá ń jèrè. Bí ará Èkó bá ń lọ tààrà sí Ìbàdàn, kí ni yóò kù fún wọn? Wọ́n sì ti rí Èkó. Ní 1851 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú náà. Kòsọ́kọ́, ọba tí a lé, sá wá sí Ẹ̀pẹ́ lábẹ́ ààbò Awùjalẹ̀. Ní 1861 Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá. Àlùfáà ni ó máa ń ṣáájú, aṣojú ìjọba a sì tẹ̀lé e. Ẹni tí ó rí èyí tí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, a kò lè pè é ní òmùgọ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, ìbọn Maxim ṣí ọ̀nà náà ní Ìmàgbọn. Kì í ṣe díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn míṣọ́n ni ó yọ̀. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó ya gbogbo wọn lẹ́nu: àwọn olórí kunkun náà wọ́ tìrítìrí wá sí ilé ìjọsìn, wọ́n wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí Onígbàgbọ́ àti Ìmàle fi ń jẹun nínú àwo kan náà títí di òní. James Johnson, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, wá bomi rin oko náà. Nígbà tí ó di 1913, Ìjẹ̀bú-Òde ti ní Grammar School tirẹ̀.

A kò sọ èyí láti bá òkú wí, nítorí àwa náà jẹ irú ẹ̀bi yìí. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé àlùfáà, a rán wa lọ sí ìletò kan ní òkè Ọya. Baálẹ̀ ibẹ̀ kọ̀ láti fún wa ní ilẹ̀ ìkọ́lé. A kọ lẹ́tà sí ilé pé ọkàn wọn yigbì, pé òkùnkùn bò wọ́n. A tẹ lẹ́tà náà, a sì dá owó púpọ̀ nítorí rẹ̀. Ó di ọdún kejì kí obìnrin kan tí ń ta kúnú fún wa tó sọ fún wa pé àwọn àlejò kan tí ó ṣáájú wa ti fi ọ̀rọ̀ dídùn gba oko wọn, wọn kò sì dá a padà. Títí di ọjọ́ náà, a kò tí ì bi ẹnikẹ́ni léèrè. A kọ lẹ́tà kejì láti tún ti àkọ́kọ́ ṣe. A tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dá kọ́bọ̀ nítorí rẹ̀.