Ọmọ yín fẹ́ mú yín lọ wo àpáta inú aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà? Ẹ ka èyí ná

 

Lóde òní, ó ṣòro kí èèyàn wọ àdúgbò kan nílẹ̀ Yorùbá kó má bá òbí tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Amẹ́ríkà pàdé. Bí ọmọ bá bímọ lọ́hùn-ún, á ní kí ìyá wá bá òun wẹ ọmọ. Bí nǹkan bá ṣẹnuure fún un, á ní kí bàbá náà wá fojú kan ìlú òyìnbó. Nígbà tí wọ́n bá sì dé ọ̀hún, ọmọ kì í fẹ́ kí àwọn òbí òun kàn jókòó ti tẹlifíṣàn láti àárọ̀ dalẹ́. Á fẹ́ mú wọn jáde, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa ròyìn nílé. Àwọn tó ń gbé lápá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, bíi Arizona, Nevada àti Utah, aṣálẹ̀ wà nítòsí wọn, ibẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń mú àlejò lọ.

Èmi ò ní kí ẹ má lọ o. Ohun tí Ọlọ́run dá síbẹ̀ tó wò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, títí tí ara fi máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Inú aṣálẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tó yẹ kí ara ti máa sọ ọ́.

Irú ibo ni wọ́n ń mú yín lọ?

Àwọn àpáta pupa kan wà níbẹ̀ tí omi òjò àti yanrìn ti gbẹ́ láti ọdún gbọọrọ, títí tó fi la àárín wọn bí ẹni fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì. Àlàfo tóóró tó wà láàárín àpáta méjì yìí ni wọ́n ń pè ní slot canyon. Ó lè ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, kó má sì fẹ̀ ju ibi tí èèyàn kan lè gbà kọjá.

Èyí tó lókìkí jù lọ ni Antelope Canyon, nítòsí ìlú Page ní Arizona. Ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Navajo ni, àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Orúkọ tí wọ́n ń pe apá òkè rẹ̀ lédè wọn túmọ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn gba àárín àpáta kọjá. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọ ibẹ̀; àfi kí afinimọ̀nà mú un wọlé. Apá òkè yìí rọrùn díẹ̀, nítorí pé orí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Apá ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, àkàsọ̀ onírin ni wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń gbà gòkè.

Àwọn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ wà ní Utah, nínú ilẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1996, tí wọ́n ń pè ní Grand Staircase-Escalante. Ẹ máa jókòó nínú ọkọ̀ lórí títì tí kò ní ọ̀dà fún nǹkan bíi máìlì 26, títì tó rí kángunkàngun bíi pákó ìfọṣọ, kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti máa fẹsẹ̀ rìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta àti yanrìn. Ẹnu ọ̀nà ọ̀kan nínú àwọn àlàfo ibẹ̀, Peek-a-Boo, ẹ fọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn ún ni, bí ẹni gun igi. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní Spooky, tóóró débi pé ibòmíràn nínú rẹ̀ kò ju íǹṣì 10 lọ. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń rìn ín. Ẹni tó bá sanra kò lè kọjá, ẹni tí àyà rẹ̀ sì máa ń já bí ibi tó wà bá há kò gbọdọ̀ dánwò.

Ṣé ẹ rí i pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n máa gbà lára yín kò dọ́gba? Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn: èwo nínú wọn là ń lọ?

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru tiwa

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. Á ní, “Èmi tí mo dàgbà nínú oòrùn, tí mo ro oko lọ́sàn-án gangan, kí ni ooru òyìnbó fẹ́ fi mí ṣe?” Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló máa ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà.

Bí ooru bá mú yín n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, òógùn á bo yín, aṣọ á lẹ̀ mọ́ ara, ẹ̀yin fúnra yín á sì wá omi mu. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí ìgbà ọyẹ́ tó mú gan-an, tí ètè ń là, tí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ń gbẹ kí á tó yíjú padà. Bí òógùn ṣe ń gbẹ lára nínú aṣálẹ̀ nìyẹn. Ó ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i. Aṣọ yín á gbẹ, ara yín náà á sì máa gbẹ, ẹ ó máa rò pé kò sí nǹkan kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀hún, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ooru ọ̀sán lè kọjá ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Bí a bá sì ti ń dàgbà, òùngbẹ kì í tètè gbẹ wá mọ́, bí ara tilẹ̀ nílò omi. Nítorí náà, ẹ má dúró de òùngbẹ. Ẹni tó ń rìn nínú ooru yẹn nílò omi tó tó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan sí ọ̀kan àtààbọ̀ ní wákàtí kan, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ máa jẹ nǹkan sí i pẹ̀lú, bí ẹ̀pà, bisikíìtì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìdí ni pé bí èèyàn bá ń da omi lásán sínú fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìjẹun, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lè dín kù ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí náà máa ń fa orí fífọ́, èébì àti kí ọkàn dàrú. Ẹni tí dókítà bá ti ní kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kó má tẹ̀ lé ìwọ̀n tí mo sọ yìí o. Kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ gbọ́ o

Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó máa ń mú kí èèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Omi ara ni wọ́n ń fà jáde. Bí ẹ bá lo irú rẹ̀, tí ooru sì tún ń fa omi tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru lè já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì kọ́ yín lórí àkàsọ̀. Àwọn oògùn mìíràn kì í jẹ́ kí ọkàn sáré bó ṣe yẹ nígbà tí ara bá gbóná. Ẹ má torí èyí dá oògùn yín dúró fúnra yín. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ tó kúrò nílé, pé irú ibi báyìí ni ẹ ń lọ, kó sọ fún yín bí ẹ ó ṣe lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ ń gba abẹ́rẹ́ insulin, ooru máa ń ba oògùn náà jẹ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Inú fúláàsì tútù ni kó wà, ṣùgbọ́n kó má fara kan yìnyín. Kí súìtì tàbí ṣúgà sì wà lápò yín, nítorí ìrìn líle máa ń mú kí ṣúgà ara já wálẹ̀.

Ìjókòó inú ọkọ̀ yẹn

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìrìn nìkan ni iṣẹ́, pé ìsinmi ni ti ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sá lórí yanrìn àti òkúta yẹn máa ń gbé èèyàn sókè, wọ́n á sì tún jù ú sílẹ̀. Ìyá tí egungun rẹ̀ ti ń fúyẹ́ lè kan egungun ẹ̀yìn níbẹ̀ láìṣubú rárá. Aláboyún, ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn, àti ẹni tí kò tíì pẹ́ tó ṣe iṣẹ́ abẹ ojú tàbí ti ìbàdí, kò yẹ kí wọ́n gùn ún.

Ẹ̀yin tó máa gùn ún, ẹ so bẹ́líìtì mọ́ra, ẹ dé akoto tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú nítorí eruku. Ẹni tó ní ikọ́ sémìísémìí, tí àwọn kan ń pè ní asima, kí oògùn tó ń fín sẹ́nu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó má wà nínú báàgì lẹ́yìn ọkọ̀.

Bí ẹ bá mú ọmọ-ọmọ dání, ẹ má gbé e lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí láéláé. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì kan ilẹ̀ ọkọ̀ nígbà tó bá jókòó, tí bẹ́líìtì kò sì gbà á dáadáa, kó dúró dé ọdún mìíràn. Ara ọmọdé máa ń tètè gbóná ju ti àgbà lọ. Ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, ìyẹn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, àìtó omi àti làálàá lè dá ìrora sí i lára. Kò yẹ kí wọ́n mú un lọ síbi tó le yẹn rárá.

Omi tó ń bọ̀ láti ibi tí ẹ kò rí

Mo ní kí ẹ fi orúkọ tí àwọn Navajo ń pe ibẹ̀ sọ́kàn. Omi ló gbẹ́ ẹ, omi ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1997, àgbàrá pa èèyàn 11 ní apá ìsàlẹ̀ Antelope Canyon. Òjò tó fà á kò rọ̀ lórí wọn. Ọ̀nà jíjìn ló ti rọ̀, tí omi rẹ̀ fi wá bá wọn nínú àlàfo tí kò sí ibi sísá. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, èèyàn 7 tún kú bẹ́ẹ̀ nínú Keyhole Canyon, nínú ọgbà Zion ní Utah.

Ẹ̀yin tí ẹ rántí omíyalé Ògùnpa n'Íbàdàn lọ́dún 1980, ẹ mọ bí omi ṣe ń dé láìkan ilẹ̀kùn. Láti oṣù keje sí àárín oṣù kẹsàn-án ni irú òjò yìí wọ́pọ̀ jù ní aṣálẹ̀ ọ̀hún. Nítorí náà, bí afinimọ̀nà bá ní a ò wọlé mọ́ lónìí, ẹ má bínú nítorí owó tí ẹ san. Bí ojú ọ̀run bá ṣókùnkùn níbi tó jìnnà, tàbí tí ẹ gbọ́ ìró bíi ti tírélà tó ń bọ̀, ẹ jáde, ẹ gun ibi gíga. Ẹ má dúró mú ẹrù.

Bí ooru bá ti gba ara

Bí ẹnì kan bá ní orí ń fọ́ òun, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí iṣan ẹsẹ̀ ń dì, tí èébì sì ń gbé e, ẹ mú un síbi òjìji lójú ẹsẹ̀, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ní àpò iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́, ó wúlò níbí. Bí kò bá sí, síbí ṣúgà kékeré 6 tí a fọwọ́ nù dọ́gba, àti ìdajì síbí iyọ̀ kékeré, nínú omi lítà kan.

Ṣùgbọ́n bó bá ti ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, tàbí tó dákú, ọ̀rọ̀ ti kọjá omi mímu. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Ẹ da omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan sì pe nọ́ńbà 911. Fóònù kì í sábà ṣiṣẹ́ láàárín àpáta, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra pé kí ni afinimọ̀nà fi ń pe ìrànlọ́wọ́.

Ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ yín

Ọmọ ti sanwó, inú rẹ̀ ń dùn, ó sì ti ròyìn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ mú ìyá òun jáde. Ìyá kò fẹ́ ba ìdùnnú náà jẹ́, ó wá fi orúnkún tó ń dùn ún pa mọ́. Bàbá kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní arúgbó. Ẹ jọ̀wọ́, ìfẹ́ kọ́ nìyẹn. Bí nǹkan bá ṣe yín níbẹ̀, ọmọ yín ni yóò dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí ayé, òun náà ni owó ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe kékeré, yóò dé bá. Ẹ sọ fún un. Ẹ fi gbogbo oògùn yín hàn án. Ẹ rí i dájú pé ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò yín gba irú ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí lókè òkun, ẹ̀yin náà, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ṣe é ní ìyàlẹ́nu fún òbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lò tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ooru ibẹ̀ tó mọ́ wọn lára. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ mú wọn lọ, nínú oṣù kẹrin tàbí oṣù kẹwàá tí oòrùn rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara yín gbà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ máa rìn ní ìdajì wákàtí lójoojúmọ́, ẹ máa gun àtẹ̀gùn, ẹ sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí sísọ̀kalẹ̀ ló ń fìyà jẹ orúnkún jù. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí kò délẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé alájà kan, dókítà ló kàn, kì í ṣe aṣálẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín kò bá lágbára púpọ̀, apá òkè Antelope Canyon rọrùn ju apá ìsàlẹ̀ lọ. Fọ́tò tí ẹ yà níbẹ̀ á ṣì dùn ún wò ní Ìjẹ̀bú.

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Kí ẹ lọ ire, kí ẹ sì bọ̀ ire.